Igi Tó Wúwo Bíi Ti Ọ̀rẹ́

Mo ń dúró de àpótí mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ẹdẹ, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá gbé igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, èyí tí bàbá káfíńtà náà ń gbẹ́ fún un, wò.

“Bàbá, ẹ má fá a mọ́. Bó ṣe wúwo yìí ni mo fẹ́ ẹ.”

“Apá rẹ ń gbọ̀n, ọmọ mi. Kó o tó fì í, bọ́ọ̀lù á ti kọjá.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi. Tiẹ̀ wúwo báyìí, òun ni wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún!”

“Ó mà ti gbé e padà wá láàárọ̀. Ó ní ó wúwo jù, kí n bá òun fá a.”

Ọmọbìnrin náà gbé igi náà padà fún un.

“Ẹ fá tèmi, bàbá. Ẹ má tíì fọwọ́ kan tiẹ̀.”