Èrò Kan Kì í Wọ Bọ́ọ̀sì Méjì

Alága wa, Alàgbà Tàjùdéèn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì tí ṣọ́ọ̀kì kò tíì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àǹtí Làbákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda yàrá òkè yín ní Àgùdà níbí kí a máa fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, tí ẹ ti Mushin àti Yábàá wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín kí n tó lanu: mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó ìdágbére mi yìí, ẹ kú ìfẹ́.

Bí mo ṣe ń dìde báyìí, Alága ti bébà kan sábẹ́ ife omi mi. Wọ́n ní, "Moyọ̀sọ́lá, fọwọ́ sí i kí o tó jókòó. Àmọ́ kọ́kọ́ kà á o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ẹ̀rín yẹn, kó fara balẹ̀. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn òbí mi mú mi kúrò ní Àgùdà yìí lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé títí mo fi gboyè. Nígbà tí mo padà dé lọ́dún méjì sẹ́yìn láti máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá àyè sí yunifásítì òkè òkun, mo gbé ìmọ̀ dé, n kò gbé ẹnu dé. Ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́? Mo kí Àǹtí Làbákẹ́ pé, "O káàárọ̀." Wọ́n wò mí tòkètilẹ̀. "Ta lò ń kí, èmi ni àbí ológbò tó wà lẹ́yìn mi?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni tíṣà mi.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n la òfin ọ̀nà mẹ́ta yé yín, kí a sì jọ fún wọn lórúkọ tiwa. Ti gbogbogbòò: ọmọ á kọ̀wé sí ilé-ìwé bíi mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èsì á dé ní nǹkan bí oṣù kẹta, á mú èyí tó wù ú nínú àwọn tó gbà á. Ìtètèdé lásán: ó tètè béèrè, ó tètè gbọ́, kò sì so ó mọ́ ibì kankan. Ìtètèdé aládèéhùn: ilé-ìwé kan ṣoṣo, ní oṣù kọkànlá, ọmọ, òbí àti tíṣà á jọ fọwọ́ sí i pé bí wọ́n bá gbà á, tí ìrànwọ́ owó sì tó, ibẹ̀ náà ni yóò lọ, yóò sì yọ ìwé rẹ̀ kúrò níbi yòókù.

Ṣé bí mo ṣe là á yìí ni mo ṣe là á fún Àlàájì Yẹ̀kínnì? Rárá o! Ooru mú, iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ń kú lọ. Àlàájì, tí wọ́n ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Mushin, bi mí pé, "Tíṣà, kí ni mò ń fọwọ́ sí yìí?" Mo ní, "Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, Àlàájì, bébà lásán ni." Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Àlàájì béèrè, èmi tí wọ́n bi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Bí Aneesah ọmọ wọn ṣe gba ọ̀nà aládèéhùn nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àlàájì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọsàn kún ọwọ́ wọn.

"Tíṣà, bá mi dúpẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń gbé àga wọkọ̀ ní gáréèjì Jíbówú. Mi ò kì í gbẹ́kẹ̀ lé bọ́ọ̀sì kan. Màá gba ìjókòó sí méjì, èyí tó bá kọ́kọ́ kún ni màá bá lọ. Mo ti ṣe é fún Aneesah! Tíṣà kan ní Yábàá ti bá wa kọ̀wé sí ilé-ìwé míì."

"Èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta yẹn, Àlàájì?"

"Aládèéhùn náà ni. Ṣebí ìwọ lo ní bébà lásán ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọsàn tí wọ́n nà sí mi bọ́ sílẹ̀. Àdéhùn méjì fún ọmọ kan! Bí àwọn ilé-ìwé náà bá gbọ́, àwọn méjèèjì lè lé Aneesah dànù bí ẹlẹ́tàn, ọmọ tó ń kàwé lórí àga tí wọn kò tíì ṣe tán ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láti kékeré. Ta ló jẹ̀bi? Ẹni tó gba ìjókòó méjì ni, àbí ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ìtumọ̀?

Aneesah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi náà fọwọ́ sí i, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn kí wọ́n tó bi wá."

A yọ ìwé rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé kejì lọ́jọ́ náà. A kọ lẹ́tà sí ti àkọ́kọ́, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mi ò ṣàlàyé. Alàgbà Tàjùdéèn kà á, wọ́n fa ìlà pupa kọjá ìdajì rẹ̀. "Àwáwí ti pọ̀ jù, Moyọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í gùn tó báyìí."

Oṣù kejìlá, èsì dé: wọn kò gbà á, wọn kò sì kọ̀ ọ́, wọ́n sún un sáàárín àwọn ti gbogbogbòò. Àdéhùn tú nìyẹn. Àlàájì ní, "Ṣé bọ́ọ̀sì ti já wa sílẹ̀ ni?"

"Ó ti gbé wa padà sí gáréèjì ni, Àlàájì. Ní báyìí, ẹ lè wo bọ́ọ̀sì mẹ́wàá."

"Ó dáa. Àmọ́ kọ́kọ́ ka ara tíkẹ́ẹ̀tì fún mi."

Mo kà á. Láti ìrun Àsárì títí di Mọ̀gáríbì, ìlà kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá. Ibi tí mo bá ti há, Àlàájì á tì mí jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èdè yìí wọ̀ mí lára. Ilé-ìwé mẹ́fà ni a kọ̀wé sí. Ti aládèéhùn àkọ́kọ́ yẹn ní rárá, ó sì dùn wá. Àmọ́ òmíràn ní kó máa bọ̀, gbogbo ìnáwó rẹ̀ wà lọ́rùn àwọn. Aneesah, dìde kí wọ́n rí ọ! Ó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, òbí kankan kì í fọwọ́ sí nǹkan ní yàrá yìí àfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún tíṣà.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, mo sì tọrọ gáfárà. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni mo ń padà lọ kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kan ti ní àwọn yóò gbà mí lọ́hùn-ún tí mo bá parí, mi ò sì tíì dá wọn lóhùn. Mi ò sọ fún yín. Bọ́ọ̀sì kejì tèmi nìyẹn.

Mo ti ka bébà Alága wàyí. Ó ní bí mo bá parí ẹ̀kọ́ mi, yàrá yìí ni n ó padà sí, n ó sì kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́ta. Níbi tí wọ́n kọ "òbí" sí, Àlàájì Yẹ̀kínnì ti fọwọ́ sí i. Níbi "tíṣà," Àǹtí Làbákẹ́ ti fọwọ́ sí i. Ti "akẹ́kọ̀ọ́" ló ṣófo.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àtẹ̀gùn ilé yìí ṣófo ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ó kọ̀wé lọ́dún yìí, ẹ ó rí ẹni tí yóò kà á fún yín dópin. Ẹni tí wọ́n bá sún síwájú, ire ni yóò bá níbẹ̀. Aneesah, àlọ rẹ, àbọ̀ rẹ, ayọ̀ ni.

Ẹ fún mi ní bírò. Mo kà á, ó yé mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bébà lásán. Alága, ẹ gbà, mo ti fọwọ́ sí i, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kejì. Ẹ ṣé o.