Ìtọ̀ Tí Ìyá Àgbà Dà Nù

Mo ń bó ọsàn nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo, nígbà tí obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan fi ohùn pẹ́lẹ́ bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ da ìtọ̀ ọmọ nù láàárọ̀? Kí la fẹ́ sọ fún dókítà báyìí?"

"Ìtọ̀ nínú ike, níbi tí mo ti ń kírun? Nàjísí ni, ohun àìmọ́ tó ń ba ìrun jẹ́, ìyàwó mi. Mo dà á nù, mo sì fọ ibẹ̀."

"Oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yìí ti ni kíndìnrín rẹ̀ lára, Màmá. Wíwọ̀n tí a ń wọn ìtọ̀ rẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ìtọ̀ yẹn ni lẹ́tà tí kíndìnrín ń kọ sí dókítà."

"Èmi wá lọ ya lẹ́tà."

"Ọ̀kan ṣoṣo lẹ yà. Ti ọjọ́ mẹ́rin tó ṣáájú wà nínú ìwé, ó sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹ ò rí i pé ojú rẹ̀ ò wú mọ́?"

"Mo rí i. Ó tiẹ̀ ní látìgbà tí oògùn ti mú irun òun re, orí òun ń dán ju ti bàbá àgbà lọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà rẹ̀. Ìyá àgbà fa ike náà yọ nínú báàgì, ó kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, èmi ò kàwé. Fi àwọn ìlà ara ike yìí hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni n ó máa wọ̀n ọ́n láti òní lọ."