Iná Tí A Bá Wí Lójú Ọkọ̀ Ìjọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà mí dúró dáadáa láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. N kò bù kún un, n kò sì bù kúrò níbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ nípa ọkọ̀ tí ìjọ rà, bọ́ọ̀sì funfun tó ti òkè òkun dé. Ọjọ́ tí a gbé e wọ ọgbà ni iná pupa kan ti tàn níwájú awakọ̀, tó kọ̀ tí kò kú. Èmi tí mo wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun mi fi funfun mọ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ a máa fi gbogbo ara sọ̀rọ̀. Bí bíréèkì rẹ̀ bá fẹ́ já ọ kulẹ̀, yóò máa han, yóò máa rùn bí aṣọ tó ń jóná. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti bíréèkì. Bí orí kọ̀ǹpútà náà bá dàrú, ọkọ̀ kò ní han, kò ní rùn. Iná kékeré yẹn nìkan ni ẹnu tó fi ń ké.

Kí la wá ṣe sí i? A gbé òróró dé. A wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí i lójú. A bá iná náà wí, a ní ọ̀tá ìjọ ló tàn án. Èmi náà ṣe àmín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, iná náà ti kú, a sì jó yí ọkọ̀ náà ká. Tìmótì, ọmọ ìjọ wa tó máa ń fi kọ̀ǹpútà wo àìsàn ọkọ̀, wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ bíi tiwa.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò gbé àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin lọ sí àpéjọpọ̀, lọ́nà olókè tó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo gba àdúrà ọ̀sán tán, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kí n sinmi díẹ̀. Oorun bá gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ ara rẹ̀ kò ní ojú rírán. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní kí n dìde, a sì ń lọ.

A dé ọ̀nà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ń hó. Mo rí ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀, tí ojú kò lè kà tán, kò sí èyí tó ń dún nínú wọn, gbogbo wọn ń sáré lọ sísàlẹ̀, àwọn tó wà nínú wọn ń tẹ bíréèkì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò gbọ́, ọ̀gbun ti yanu sílẹ̀ níwájú, wọ́n rí i, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n já sínú rẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú wọ́n ti tún wà lókè, wọ́n tún ń sáré bọ̀.

Mo bi olùdarí mi léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, àwọn tó ń ta ọkọ̀ tí wọ́n mọ àléébù rẹ̀, tí wọ́n sì ń búra fún olùrà pé ìyá àgbà òyìnbó kan ló ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ sáré rí.

Mo rí àwọn alágbèrè náà, àwọn tó ń purọ́ fún aya wọn pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Wọ́n ń fi èjìká ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ lóòótọ́ gun òkè tí kò lórí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rí i pé mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

A rìn síwájú. Mo rí àwọn ọkọ̀ kan tó ń dán gbinrin, ìlẹ̀kùn wọn tì pa, gíláàsì wọn kò wálẹ̀, iná ń jó lábẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́lá ló wà nínú wọn, wọ́n ń fi ìkúùkù lu gíláàsì. Nígbàkígbà tí wọ́n bá kígbe, ohùn obìnrin kan a dá wọn lóhùn látinú ọkọ̀, ohùn dídùn bí oyin, a ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, a ń tún un ṣe lọ́wọ́.” Olùdarí mi ní àwọn aninilára tó ń ṣe ọkọ̀ ni, tí ìròyìn dé etí wọn pé ọpọlọ ọkọ̀ wọn ń dákú lójú ọ̀nà, tí òkú ń sùn, tí wọ́n ní kí aráyé ṣì máa wà á ná. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dúró. Àwọn náà ń dúró báyìí. Mo bi í pé títí di ìgbà wo.

Ó yà mí sí ibòmíràn, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi lójú. Pápá kan ni, ibòji bò ó, omi ń ṣàn. Mo rí Àjàní, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó ti kú, ó nà gbalaja lórí ẹní, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Àjàní. Bí ara ọkọ̀ rẹ̀ kò bá dá a lójú, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò ní rìn mọ́. Àwọn èrò yóò máa pè é ní ojo, wọn a ní kó lọ máa ta ẹ̀pà. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìdòwú, wọ́n bú mi, àmọ́ wọ́n délé.”

Mo fẹ́ jókòó tì í. Olùdarí mi kò gbà, ó ní ó ku ibì kan.

Òkùnkùn ni ibẹ̀, òkùnkùn tí ènìyàn lè fọwọ́ bù. Àwọn ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé iná pupa kékeré sí àtẹ́lẹwọ́, iná náà sì ń fi kòtò hàn wọ́n. Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ wọn kejì a pa á, wọn kò fẹ́ pa á, ọwọ́ náà a ṣáà pa á, wọn a ké, wọn a jìn sí kòtò. Mo rí ẹ̀wù iṣẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ ṣòkòtò, tó gbé kọ́ níbẹ̀, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Búlúù ni, epo ti bà á jẹ́, wọ́n fi ègé àǹkárá lẹ orúnkún rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù Tìmótì ni. Mo bèèrè pé ṣé ó ti kú ni. Olùdarí mi ní rárá, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀ ni, àwọn tí ọkọ̀ yín yóò pa lónìí ni yóò ṣáájú rẹ̀ kú.

Lónìí. Mo wólẹ̀. Mo sọ fún un pé a ti gbàdúrà sí iná ọkọ̀ yẹn, ó sì ti kú.

Ó ní, “Ọlọ́run jẹ́ kí ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ kí ẹ má baà kú. Ẹ̀yin ní ọ̀tá ni.”

Ó tì mí, mo bá jí.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ti ń dún lóde. Mo sáré jáde, èmi arúgbó, mo dúró síwájú bọ́ọ̀sì náà, mo na ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ìyá ti kún inú rẹ̀, wọ́n ń kọrin. Awakọ̀ fun fèrè. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní ṣé Bàbá Ìdòwú fẹ́ bá àwọn obìnrin lọ ni, kí n wọlé wá máa gbé àpò wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn alàgbà ní kí n kúrò lọ́nà, pé a ti jẹ́rìí sí ọkọ̀ yìí, àìgbàgbọ́ ni mò ń ṣe.

N kò bá wọn jiyàn. Tìmótì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó wá sin ìyàwó rẹ̀. Mo yíjú sí i. Mo ní, “Tìmótì ọmọ mi, ta ló pa iná yẹn?”

Kò wo ojú mi. Inú ọkọ̀ ló ń wò, níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lẹ́yìn awakọ̀, tó gbé ọmọ wọn lẹ́sẹ̀. Orin dákẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló dá lóhùn.

Ó ní, “Ìyá Tóyìn, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.”

Kò sí ẹni tó tún bi í ní nǹkan kan. Gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń sọ ọ́ tẹkúntẹkún pé kọ̀ǹpútà bíréèkì ló ti dàrú, pé èyí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ kò ní tètè dé, ó wá fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń wo àìsàn ọkọ̀ pa iná náà kí àpéjọpọ̀ má baà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ fún wa. A ti ń jó nígbà tí òun dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù ń bà mí fún wa. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ṣàdédé kú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó pa á. Bọ́ọ̀sì wa ṣì wà nínú ọgbà, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ọ́ ń lọ lójú títì bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, èrò kún inú wọn, iwájú awakọ̀ mọ́ tónítóní, kò sí iná kankan níbẹ̀.