Kámẹ́rà Orí Bàbá Ògoolúwa

Rárá, Àǹtí Yíwọlá, ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú, mo ti wọ́ inú ọ̀hún títí, awọ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ bó. Àbúrò yín ló ṣe mí báyìí, mi ò sì lè pè é ní 'wọ́n' lónìí, ẹ má bínú. Ìyá yín pè mí láàárọ̀ yìí láti Iléṣà, ẹ ṣáà mọ ohùn tí Màámi máa ń lò bí wọn ò bá fẹ́ ká mọ̀ pé inú ń bí wọn, wọ́n ní, 'Fadékẹ́mi, ṣé o wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọmọ lórúkọ?' Èmi tí mo bí i! Wọ́n ní àwọn wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn ò rí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ìyá tó bí ọkọ mi ò rí mi rí. Johannesburg níbí la ti pàdé, kóòtù níbí la ti ṣègbéyàwó, ọdún mẹ́ta rèé, ohùn mi lórí fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní fọ́tò kì í kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìyàwó àwọn kó máa rìn, kó máa kí èèyàn. Ìdí rèé tí mo fi ní ká ra kámẹ́rà kékeré kan kí ọmọ tó dé. Èmi ni mo dá a lábàá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí àbúrò yín bá ti gbọ́ ariwo alùpùpù láti pápá eré ní Kyalami, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ní a ó ra èyí tó lè ya eré ìdíje, tó sì lè ya inú ilé. Mo ní ó dáa. Sátidé mẹ́ta la fi lọ sí ọjà ńlá Sandton, oyún oṣù mẹ́jọ ń bẹ nínú mi. Obìnrin tó ń tajà mú èyí tó dára fún inú ilé wá, tó ń fa ojú èèyàn súnmọ́ tòsí, tó ní gíláàsì kékeré tí o ó máa wò bí o ṣe ń yà á. Àbúrò yín ní ìyẹn ò lè yára. Kámẹ́rà wo ló ń sáré, Àǹtí? Ó wá ní kí n máa kọjá níwájú àwọn kámẹ́rà ibẹ̀ wéréwéré, kóun lè mọ èyí tí kò ní yà mí bàìbàì. Èmi, pẹ̀lú ikùn bí àgbá, mò ń sáré lọ, mò ń sáré bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, síkúríìtì sì ń tẹ̀ lé mi, ó rò pé mo ti jí nǹkan sábẹ́ aṣọ. Obìnrin náà wò mí, ó ní 'Eish', bí àwọn ará ibí ṣe máa ń ké 'háà'.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rín in tán, mò ń dúró.

Èyí tí àbúrò yín mú kò ju páálí ìṣáná lọ. Kò sí gíláàsì tí èèyàn lè fi mọ ohun tó ń yà, orí akoto ni àwọn tó ń gun alùpùpù ń dè é mọ́. Mo ní ta ló fẹ́ gun alùpùpù nínú pálọ̀ wa? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bó bá wà lórí òun, ọwọ́ òun á ṣófo láti gbàlejò.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lóòótọ́. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ pé, ó fi bẹ́líìtì de kámẹ́rà mọ́ iwájú orí, ó dé fìlà lé e lẹ́yìn. Ilé yín sì kọ́ ọ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bàbá Johnson ìjọ wa wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Wòólì wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo àgbà ìjọ tó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní ká tẹríba fún àdúrà, ó tẹríba, ẹ sì mọ bí àdúrà wa ṣe ń pẹ́ tó. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sí Iléṣà, àbúrò yín da fídíò náà sórí síídì, ó fi rán an sí Màámi, kò tiẹ̀ wò ó. Àárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Màámi pa fóònù, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó wò ó. Kápẹ́ẹ̀tì ni, Àǹtí. Kápẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀, aláṣọ funfun ṣáà ni wá, a kì í wọ bàtà. Kò sí ẹni tí èékánná rẹ̀ ń fẹ́ abẹ nínú ìjọ wa tí mi ò mọ̀ báyìí. Ọmọ gan-an, Ògoolúwa mi, àtẹ́lẹsẹ̀ kan ló yọ, Màámi sì ní ẹsẹ̀ bàbá yín ni, pé àwọn sunkún ayọ̀. Ọmọ ti rí tirẹ̀ gbà.

Èmi ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ìkíni mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ti Ìjẹ̀ṣà inú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà orí ọkọ mi, mo ní Màámi, ẹ kú ewu ọmọ, ẹni tí ẹ ò rí rí ló ń kí yín, ẹ fi àdúrà bò mí. Omi lé ròrò sójú mi. Kí ni ọmọ ìyá yín ṣe? Ó dijú, ó gbórí sókè, ó ń ṣe àmín, àmín. Àjà ló yà! Àjà àti gílóòbù iná, ohùn mi ń jáde nísàlẹ̀ bíi ti ẹni tó já sí kànga. Màámi ní ohùn yẹn àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé kí n bá àwọn kí onílé, àjà rẹ̀ mọ́.

Ẹ sì wá a lọ ní báyìí, Kyalami ló wà. Mo ti wo èyí tó yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mọ́ gaara, mo lè ka nọ́ńbà ara alùpùpù kọ̀ọ̀kan. Kò ṣáà sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún alùpùpù.

Ẹ ní kí ni? Kí n ya òmíràn kí ẹ bá mi gbé e lọ, nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé ní Ọjọ́bọ̀? Rárá o. Mi ò fẹ́ kámẹ́rà mọ́. Ẹ gbé ife tíì yẹn kalẹ̀. Èmi rèé, mo kúnlẹ̀. Ẹ wo ojú mi, ẹ wo bí orúnkún mi méjèèjì ṣe kanlẹ̀. Ẹ má gbójú sókè, Àǹtí, mi ò tíì ní kí ẹ ṣàdúrà. Ẹ wò mí dáadáa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Màámi, kí ẹ tó jókòó, kí ẹ tó mu omi, ẹ sọ fún wọn pé ẹ rí mi.