Alàgbà Tó Fi Orúkọ Olúwa Ta Ayédèrú

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí lójú àlá ni mo dìde láti sọ.

Lọ́sàn-án Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ìṣínu ààwẹ̀, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, dìde, wá wo ẹni tí ẹ sin.”

A ò tíì dé ibẹ̀ tí òórùn egbò tó kẹ̀ ti gbà mí nímú. Kòtò ọyún ni! Opùrọ́ ń bẹ níbẹ̀, alágbèrè ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń bì í, wọ́n tún ń lá a, mo sì rí Alàgbà Bánjọ, Alàgbà wa, ẹni tí a kọrin lé lórí pé ó ti lọ sinmi! Ìdin ń já bọ́ lára ahọ́n rẹ̀, ó sì ń fi ahọ́n náà búra: “Mo fi orúkọ Olúwa búra, ojúlówó ni!”

Mo bèèrè pé, “Kí ló ṣe?”

Aláṣọ funfun tó ń mú mi lọ náà ní, “Sọ́fítíwià, ètò tó ń mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ọmọ inú aboyún ṣiṣẹ́, òun ló tà á fún yín. Àṣẹ láti lò ó lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló rà. Ó fọ́ ìdènà tí wọ́n fi tì í, ó dà á kọ, ó ń tà á fún ọsibítù káàkiri.”

Mo rántí Ṣadé, aboyún kan tí wọ́n gbé wá sí ọsibítù wa. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà, dókítà ń wá ọmọ, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù, ó ní a kò ní àṣẹ, a pa á, a tún tàn án, àṣẹ náà ló ń bèèrè, a gbé Ṣadé sáré lọ síbòmíràn, ó kú lọ́nà, tòun tọmọ.

Mo ní, “Àwọn tó ṣe sọ́fítíwià náà, tí wọ́n jẹ́ kó ti ẹ̀rọ pa, ńkọ́?”

“Wọn yóò jíhìn tiwọn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Alàgbà yìí pé ẹ̀dà tí kò ní àṣẹ yóò tì pa lọ́jọ́ kan. Ó ń tà á lọ.”

Ó mú mi dé ibi tí atẹ́gùn tutù ti ń fẹ́. Ṣadé jókòó, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun lọ́jọ́ yẹn.” Mo bú sẹ́kún.

Bí a ṣe ń padà, wọ́n ń gbẹ́ àyè tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà.

“Ta ló ni ín?”

“Ẹni tó jogún ọjà náà.”

Mo ta jí, mo sì bì sórí ẹní.

Brọ́dà Lékan, ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù Alàgbà, bàbá yín, báyìí, ọsibítù ẹ̀gbẹ́ ọjà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sọ́fítíwià tiwọn lọ́wọ́ yín. Ẹ má dúró de oore-ọ̀fẹ́, ẹ dìde, ẹ lọ sọ òtítọ́ fún wọn. Ọ̀la ni ọjọ́ àwọn aboyún níbẹ̀.