Ọrùn Alùpùpù Pupa

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ilé mi. Ìyàwó mi, fi aṣọ tí ò ń ká yẹn sílẹ̀. Ìwọ àbúrò rẹ̀, àna mi, fi ọ̀pá rẹ ti ògiri kí o sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé ọ̀dà tí mo ń fín láìbo imú láti ìgbà èwe mi ló jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú àyà yìí tí kì í ṣe ọ̀dà, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò rí òtítọ́ kankan tó ń lé mi bọ̀. Ó rẹ̀ mí ni mo fi jókòó dè é.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Ojúlówó ni àwọn oníbàárà ń pè mí. Alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú ẹrẹ̀ ni mo ń tà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé, tí èèyàn lè wá ìkejì rẹ̀ títí kó má rí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń sáré. Ọ̀dà ló máa ń fojú wá: ṣé èyí tí wọ́n fi kùn ún láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀? Bó bá jẹ́ òun ni, ì báà bó níbí, kó ha lọ́hùn-ún, wọ́n á máa jà du ú. Bí wọ́n bá ti tún un kùn, wọ́n á yọ ṣùtì sí i. Ọkọ̀ àwọn èèyàn ni mo ń fín lọ́dà, ṣùgbọ́n èmi kì í tún alùpùpù àtijọ́ kùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ojúlówó. Mo gbé orúkọ náà wọ̀ bí ẹ̀wù, mo ń fi í yan kiri. Agbéraga òṣì.

Nígbà tó yá ni mo rí alùpùpù pupa yẹn nínú abà kan, lábẹ́ àwọn àpò oúnjẹ adìẹ. Mo nù ún tán, ọ̀dà rẹ̀ pé pérépéré, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ alùpùpù ti so mọ́ egungun rẹ̀, mo sì rí ìlà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ. Irin ti sán. Kò sí ọ̀nà méjì, àfi ká jó o pọ̀. Ṣùgbọ́n iná tó bá jó irin á jó ọ̀dà, bí ọ̀dà bá sì jó, alùpùpù mi di yẹpẹrẹ. Mo bá mú ìpara líle tí àwọn ọlọ́dà fi ń dí ihò, mo tẹ̀ ẹ́ sójú ìlà náà, mo po ọ̀dà pupa títí ó fi bá ti ara rẹ̀ mu, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, mo ń tu itọ́ funfun. Ohun tí mo fi ń tan ara mi ni pé ọlọ́rọ̀ kan ti ní òun ń bọ̀ wá rà á, pálọ̀ ló sì máa gbé e sí. Kò ní gùn ún láéláé.

Ọlọ́rọ̀ náà ò padà wá. Ìwọ lo wá, àna mi, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Mo ṣì ń rí i bí ìyàwó rẹ ṣe gun ẹ̀yìn alùpùpù náà láàrin ìsọ̀, tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun tó ń bẹ̀rù àkàsọ̀ ló fẹ́ máa gun òkè. O bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

Kì í ṣe owó ló dí mi lẹ́nu. Ojú ló tì mí. Bí mo bá sọ ọ́, wàá mọ̀ pé Ojúlówó a máa kun irin tó sán, ìwọ tó o ń fi mí yangàn láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ní, "Ṣé èmi ló máa ta nǹkan alábùkù fún ọ?" Ìyàwó rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dá ọ lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Lórí òkè, lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ gùn ún jáde, ọrùn yẹn já. Ìwọ kán lẹ́sẹ̀, ìyàwó rẹ ò dìde mọ́. Ọlọ́pàá gbé àwókù náà wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi í tì mí, wọ́n lọ jẹun. Ẹ gbọ́ bí irin ṣe máa ń rí: ibi tó ti sán tipẹ́ a máa dúdú, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a máa dán. Ìdajì ojú ibi tó já yìí dúdú, ìdajì ń dán. Ọmọdé rí i, á mọ̀ pé àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Mo mú sáńdípépà, mo ha dúdú náà títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ wà lára táńkì níwájú mi, mo sì ń ha irin. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kò sí àbùkù kankan, eré ló pọ̀ jù. Mo tún ní, "Irin kì í purọ́." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni àdúgbò ti sọ ọ́ ní Asápajúdé, ẹni tó ń di ojú sáré. Àwọn àna rẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyàwó mi, ìwọ náà kẹ̀yìn sí àbúrò rẹ fún ìgbà pípẹ́. Má wolẹ̀. Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ.

Èyí tó burú jù ò sì ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀. Ilé ìwòsàn ni. Mo wá kí ọ, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́, mo sì pa ìyàwó mi. Ẹ dárí jì mí." Èmi, apààyàn, mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́." O sunkún, o ń dúpẹ́. Mo tún jẹ nínú ọsàn tí wọ́n bó fún ọ.

Ṣùgbọ́n irin tó bá já, ojú méjì ló ń ní. Ọ̀kan ni mo ráyè ha. Èkejì, èyí tó wà lára ọwọ́ alùpùpù, mo yọ ọ́ kí ọlọ́pàá tó ti ibi oúnjẹ padà dé, mo rì í sínú agolo gírísì, mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó sọnù sínú igbó. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nù látìgbà náà. Ìyàwó mi, agolo tí mo ní kí o gbé wá láàárọ̀ yìí nìyẹn, tí o ń bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí. Ṣí i. Nù ún dáadáa. Gírísì ò jẹ́ kó dípẹtà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá pè yín ní orúkọ tó dára jù yín lọ, ẹ tètè sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ẹ̀ ń pa èèyàn nítorí orúkọ. Lọ́la, ọlọ́pàá àti ẹbí ìyàwó tó kú náà á gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, bí èémí bá ṣì kù.

Àna mi, mi ò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí. Mo ti ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Gba irin yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o fi àtàǹpàkò kan ibi tó dúdú níbẹ̀. Ó ti sán kí o tó gùn ún. Kàn án, àbúrò. Ìwọ kọ́ lo pa á.