Àbẹ́là Ìyá Ìbùkún Tí Mo Fẹ́ Pa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Ǹ bá bá a wọ sàréè, àmọ́ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wa ní Ọ̀tà níbí. Obìnrin kan wà, Ìyá Ìbùkún, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ní Sàǹgó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní ọsibítù. Láràárọ̀, kó tó lọ wọkọ̀, á yà wọlé, á tan àbẹ́là kan níwájú ère Ìyá Màríà, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á dìde. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ wọn, wọn kì í ṣí géètì fún un.

Á ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣọ́ àbẹ́là yìí o. Iṣẹ́ ò jẹ́ n dúró, òun ni mo fi sílẹ̀ kó máa bá mi bẹ Ọlọ́run."

Èmi á ní kó máa lọ, pé ojú mi wà lára ẹ̀. Bó bá ti kẹ́yìn sí mi, mo máa ń fẹ́ ẹ pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Mi ò kàwé púpọ̀. Lójú tèmi, àdúrà téèyàn ti gbà ti dókè. Kí ni iná tún ń jó fún? Ilé wa kì í sì í níná. Mo máa ń kó èyí tó kù lọ sílé, mo máa ń yọ́ wọn pọ̀ sínú agolo mílíìkì, kí n fi òwú sí i láàárín. Òun làwọn ọmọ ọmọ mi fi ń kàwé. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé mo mọ nǹkan tọ́jú.

Ìbùkún kú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ìyá rẹ̀ wá dì mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ohun tó ń tù mí nínú ni pé kò sí àárọ̀ kan tí mo fi ọmọ mi sílẹ̀ láìsí ohun tó ń bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Mo kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ẹni tí kò ráyè dúró ló ń fi àbẹ́là dúró níwájú Ọlọ́run.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Fada. Wọ́n ní àbẹ́là kọ́ ló ń wo aláìsàn sàn, pé èmi kọ́ ni mo pa ọmọ náà, pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo gbà. Mi ò pa iná ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà náà. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá pa gan-an, mo ń tún un tàn. Àmọ́ mi ò tíì bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni Mísà ìrántí Ìbùkún. Ìyá rẹ̀ ti wá bá mi nílé, ó ní èmi ni kí n tan àbẹ́là ọmọ òun, nítorí èmi ni mo bá òun ṣọ́ ọ.

Bí mo bá sọ fún un, mo gba ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá sì dákẹ́, irọ́ ni mo fẹ́ lọ tàn níwájú pẹpẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bi: ká ní ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, ṣé ẹ máa fẹ́ gbọ́?